Bí Ẹ Ṣe Lè Bọlá fún Ìyá Tí Àrùn Ìgbàgbé Mú Lọ

Nígbà tí àrùn ìgbàgbé, èyí táwọn dókítà ń pè ní dementia, bá ti bá màmá fínra fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kú, ìṣòro kan máa ń kù sílẹ̀ fáwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìnkú. Bí èèyàn bá ti dijú, màmá ìkẹyìn ló ń rí: màmá tí wọ́n ń béèrè pé "Ta nìwọ?" lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n ń dìde láàárín òru pé àwọn ń lọ sílé, bẹ́ẹ̀ inú ilé ọ̀hún náà ni wọ́n wà, tí wọ́n ń fura sí ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn pé olè ni. Màmá tó tọ́ni dàgbà wà lẹ́yìn ti ìkẹyìn yìí, wọn kì í sì í tètè yọjú.

Lójú tèmi, olórí iṣẹ́ tó wà nínú bíbọlá fún irú màmá bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá màmá àtijọ́ yẹn jáde, kẹ́ ẹ sì fi àwọn ọdún àìsàn sí àyè tó tọ́ sí wọn nínú ìtàn. Ẹ ò ní fi wọ́n pa mọ́, ẹ ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ìtàn náà mọ́ yín lọ́wọ́.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ohun méjì péré ni kò gbọ́dọ̀ falẹ̀, ìyẹn fóònù wọn àti ẹrù wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi méjèèjì ṣíwájú. Èyí tó kù lè dúró dìgbà tára bá balẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti sunkún màmá fún ọdún gbọọrọ kí màmá tó kú. Láti àwọn ọdún 1970 ni Pauline Boss, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdílé, ti ń ṣàlàyé irú àdánù yìí, níbi tí èèyàn ti jókòó síwájú ẹni àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ti lọ. Torí náà, bí ara bá tù yín lọ́jọ́ tí màmá kú, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí gbogbo èèyàn rò pé ẹ ti gbé e kúrò lára ni ẹkún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyẹn náà kì í ṣe àjèjì. Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé láti sọ ìtàn. Ẹni tó tọ́jú màmá jù ló sábà máa ń pẹ́ jù kó tó rántí màmá àtijọ́, torí òun ló rí ti ìkẹyìn jù.

1. Ẹ gba fóònù náà sílẹ̀

Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí á fi sọ pé fóònù màmá ṣì dáa, kí wọ́n fún òun. Ẹ má gbà títí ẹ ó fi kó ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán kì í wọ́n lọ́wọ́ èèyàn, ohùn ló ń wọ́n. Ẹ wá ohùn wọn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn náà kò sí lórí fóònù wọn o, ó wà lórí fóònù àwọn tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí. Kí olúkúlùkù ọmọ, ọmọ-ọmọ àti ọ̀rẹ́ ṣí ojú ìwé WhatsApp tó fi ń bá màmá sọ̀rọ̀, kó lọ síbi tí wọ́n kọ "Export chat" sí, kó sì yàn pé kó kó ohùn àti àwòrán mọ́ ọn, kó wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ yàn. Ọjọ́ 120 ni WhatsApp máa ń fún nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lò kó tó pa á rẹ́. Google náà lè pa àpamọ́ (account) tí ẹnikẹ́ni ò ṣí fún ọdún 2 rẹ́, títí kan fọ́tò tó wà nínú rẹ̀. Ní ti Facebook, ẹbí lè fi ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ kí wọ́n sọ ojú ìwé màmá di ti ìrántí, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa lò ó ṣe jìbìtì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ohùn tó ti wà ṣáájú àìsàn. Ibi tó dáa jù tí mo mọ̀ ni fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọ àwọn ẹlòmíràn. Kámẹ́rà kò wá torí màmá lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn kọjá ni, wọ́n ń pàṣẹ fún ẹnì kan pé kó gbé àga wá síbí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tẹ́nì kan sọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré lè jẹ́, àmọ́ màmá tẹ́ ẹ̀ ń wá gan-an ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú agídí wọn. Bó bá jẹ́ inú káṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà, ẹ tètè wá ẹni tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà, torí téèpù máa ń bà jẹ́ bó bá ṣe ń pẹ́ sí i.

2. Ẹ yẹ ẹrù wò fínnífínní kó tó jáde

Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe máa ń tọ́jú nǹkan pa mọ́, torí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ jà á lólè, á sì gbàgbé ibi tó fi í sí. Torí náà, kẹ́ ẹ tó kó aṣọ kankan fún ẹnikẹ́ni, ẹ ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò. Ẹ wo inú ìbọ̀sẹ̀, inú bàtà, abẹ́ ẹní àti ibùsùn, inú àpò ìrọ̀rí, àárín ojú ìwé, inú páànù òfìfo. Òrùka, owó, ìwé ilé, lẹ́tà àtijọ́, fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà, gbogbo wọn ni wọ́n ti ń rí níbẹ̀.

Ẹ yọ ohun èlò iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ àti góòlù. Ẹbí máa ń jà lórí góòlù, wọ́n á sì da ohun èlò iṣẹ́ nù, bẹ́ẹ̀ ohun èlò iṣẹ́ ló ń sọ ẹni tí màmá jẹ́. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, ìwé ìṣirò tí wọ́n fi ń kọ gbèsè oníbàárà, rúlà tí wọ́n fi kọ́ni ní iléèwé: ẹ fún ẹni tó máa lò ó tàbí tó máa tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìlà méjì mẹ́ta mọ́ ọn nípa ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí ẹ ò bá kọ nǹkan mọ́ ọn, nígbà tó bá fi máa dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ, á ti di ìdọ̀tí ilé.

3. Fọ́tò

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ bá àgbàlagbà tó ṣì wà láyé, ẹni tó dàgbà jù ló sì ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ má kàn tẹ̀ mọ́ "Ta nìyí?" nìkan. Ẹ béèrè pé: Ilé ta ni wọ́n dúró sí? Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà? Ta ló ya fọ́tò yẹn? Mo ti rí i tí àgbàlagbà tó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni nínú fọ́tò rí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn wọn, tó wá sọ pé "Háà, ilé tuntun bàbá lèyí, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ni," tí orúkọ gbogbo wọn sì ń já bọ́ lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Bíró máa ń yọ síwájú, yíǹkì rẹ̀ sì lè ta sí fọ́tò míì. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ scanner tó ń da fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà, 600 dpi (ìwọ̀n bí fọ́tò ṣe máa hàn kedere tó) tó fún fọ́tò kékeré, 300 dpi tó fún ńlá. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi yà á, ẹ yọ fọ́tò kúrò nínú gíláàsì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ pa iná kámẹ́rà. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti yà á.

4. Ẹ lọ bá àwọn tó mọ̀ wọ́n, títí kan ẹni tó tọ́jú wọn

Bí ẹ bá bi ọ̀rẹ́ màmá pé "Irú èèyàn wo ni màmá wa?", ohun tí wọ́n máa sọ ni pé "Èèyàn dáadáa ni." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ẹ béèrè ohun tó ní igun: Kí ló máa ń tètè bí wọn nínú? Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, kí ni wọ́n fi ṣe? Ta ni wọ́n bá jà tí wọ́n tún parí ẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ tí àyè ò gbà wọ́n? Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì kó máa gba ohùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ó ń gbà á, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kò ní padà síbi tó ń lọ.

Èyí táwọn èèyàn kì í rántí ni ẹni tó jókòó ti màmá nígbà àìsàn. Alzheimer's ni irú àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ òun. Lára ibi tó kọ́kọ́ ń bà jẹ́ nínú ọpọlọ ni apá kan tí wọ́n ń pè ní hippocampus, níbi tí ọpọlọ ti ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ di ìrántí. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ àárọ̀ fi ń pòórá lọ́kàn wọn kó tó di ọ̀sán, àmọ́ tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ọmọge ṣì wà digbí. Láti ọdún 1881 ni Théodule Ribot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrántí tuntun ló ń kọ́kọ́ lọ, ti àtijọ́ ló ń gbẹ̀yìn. Torí náà, olùtọ́jú tó ń wẹ̀ fún màmá, tó ń bá wọn ṣàìsùn, lè ti gbọ́ ìtàn ìgbà èwe tí ẹ̀yin ọmọ ò gbọ́ rí, torí màmá ń rò pé ìgbà yẹn làwọn wà.

Ká ní wọ́n ń pe orúkọ kan léraléra tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò mọ̀. Ẹ má kàn ní ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ẹni tó bá wọn ṣe kékeré. Ó lè jẹ́ àbúrò tó kú lọ́mọdé, ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lọ iléèwé. Ọwọ́ náà ń sọ̀rọ̀. Màmá tí ò mọ orúkọ ara wọn mọ́ lè mú etí aṣọ ìbora, kí wọ́n ká a wọlé díẹ̀, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sún un síwájú, kí wọ́n tún ká a, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, títí wọ́n á fi dé igun. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n kàn ń fi aṣọ ṣeré. Aránṣọ tó ń ṣẹ́tí aṣọ nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ yín. Ó yẹ kí irú èyí wọnú ìtàn wọn.

Àmọ́ ẹ má gba gbogbo ohun tí wọ́n sọ nígbà àìsàn bí ẹ̀rí. Ọpọlọ tí ara rẹ̀ ò yá máa ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dí ihò tó wà nínú ìrántí, kì í ṣe pé ẹni náà ń purọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí i. Bí ẹ ò bá rí, ẹ kọ ọ́ pé "màmá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

5. Ẹ kọ ìtàn náà

Ojú ìwé méjì tó. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìwọ̀n. Bí màmá bá lo ọdún 82 láyé, tí wọ́n fi 9 nínú rẹ̀ ṣàìsàn, bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án lèyí, ó sì yẹ kí ohun tẹ́ ẹ máa kọ nípa àìsàn wà ní ìwọ̀n yẹn, kó má jù ú lọ. Ẹ ka iye ìlà tẹ́ ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kà á á rí i pé àìsàn ti gba ìlàjì, torí òun ló wà nítòsí jù lọ́kàn.

Ṣé kẹ́ ẹ dárúkọ àrùn náà? Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ̀. Bí ẹ ò bá dárúkọ ẹ̀, ẹlòmíràn á bá yín fún un lórúkọ, wọ́n á ní wọ́n ń ya wèrè ni, tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n, tàbí pé ẹ̀yin ọmọ ni ẹ ò tọ́jú wọn. Rita Hayworth, òṣèré sinimá tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, kú ní ọdún 1987 lẹ́ni ọdún 68. Kí wọ́n tó mọ̀ pé Alzheimer's ló ń ṣe é, ọtí làwọn èèyàn rò pé ó ń dà á láàmú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yasmin Aga Khan, ló dúró ní gbangba tó dárúkọ àrùn náà, ó sì ti ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ kó owó jọ fún ìwádìí láti àwọn ọdún 1980.

Ìlà méjì tó fún un: "Àrùn ìgbàgbé bá màmá wa jà ní ọdún mẹ́sàn-án ìkẹyìn ayé wọn. Wọ́n gbàgbé orúkọ wa, àmọ́ bá a bá dá orin, wọ́n ṣì ń gbè é." Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ti ìdọ̀tí ara, èébú tàbí lílu èèyàn. Ohun tí màmá ò ní fẹ́ kí àlejò gbọ́ nígbà tí orí wọn pé, ẹ má sọ ọ́ nígbà tí wọn ò lè dáhùn mọ́.

Bí ọmọ bá pọ̀, kí ẹnì kan kọ ọ́, kí àwọn tó kù kà á. Bí ẹ bá ní kí gbogbo yín jọ kọ ọ́, ìwé kan ò ní jáde. Ọ̀rọ̀ ta ló tọ́jú wọn, ta ni kò yọjú, kì í ṣe inú ìwé yìí ni kẹ́ ẹ ti yanjú ẹ̀. Ẹ jókòó sọ ọ́ lọ́tọ̀ bó bá ń dùn yín, torí ó sábà máa ń dun èèyàn lóòótọ́.

6. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá péjọ láti rántí wọn

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ wọ́n nígbà èwe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ọmọ, kí olùtọ́jú kádìí ẹ̀. Bí ẹ bá tò ó báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ tó jẹ́ pé màmá tó ń ṣàìsàn nìkan ni wọ́n bá láyé á rí màmá tó ń sáré, tó ń dá àpárá, tó ń bá ọ̀gá jiyàn, kí ọ̀rọ̀ tó kan àìsàn. Ìtàn kan ṣoṣo fún ẹnì kan, kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ kọ orin tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ìrántí orin máa ń pẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tí àrùn yìí ń ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ lásán ti lọ, torí náà ó ṣeé ṣe kí olùtọ́jú mọ èyí tí wọ́n ń kọ kẹ́yìn.

Ẹ dárúkọ olùtọ́jú náà níwájú èèyàn, bóyá ọmọ ni, ìyàwó ilé ni, tàbí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sanwó fún. Iṣẹ́ tó ṣe kì í hàn síta. Ẹ dárúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìtàn náà pẹ̀lú, ẹ má kàn kọ "àwọn tó ràn wá lọ́wọ́."

7. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan fáwọn ẹlòmíràn

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 57 èèyàn ni àrùn ìgbàgbé ń ṣe káàkiri ayé ní ọdún 2021. Ọjọ́ 21 oṣù September ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Alzheimer's lágbàáyé. Bí ẹ ò bá fẹ́ máa fi ọjọ́ ikú rántí màmá, ọjọ́ yẹn dáa. Ẹ lè fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn yìí. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, ọ̀sán kan tẹ́ ẹ fi jókòó ti màmá ẹlòmíràn kí ọmọ rẹ̀ lè lọ sùn ju owó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ bí oorun ṣe ń wọ́n nínú ilé yẹn. Ẹ má béèrè pé "Kí la lè bá yín ṣe?" Ẹ sọ pé "Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láago méjì, mo máa dúró títí di aago márùn-ún."

8. Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ ń bi ara wọn

Ṣé yóò ṣe èmi náà? Bí òbí ẹni bá ní Alzheimer's, ewu rẹ̀ lè pọ̀ sí i fún ọmọ, àmọ́ irú èyí tí òbí ń tàtaré ẹ̀ sí ọmọ ní tààràtà ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì sábà máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ kéèyàn tó pé ọdún 65. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2024 ka ohun 14 tó ń dá kún àrùn ìgbàgbé tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí, wọ́n sì fojú bù ú pé bí gbogbo rẹ̀ bá kúrò ńlẹ̀, bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lára àrùn náà ì bá má wáyé tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, àìgbọ́ràn dáadáa, ojú tí kò ríran dáadáa tí wọn ò tọ́jú, jíjókòó sójú kan láìṣeré ìmárale, àti dídá nìkan gbé láìbá èèyàn ṣe. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹni tó jẹ́ olùtọ́jú, tí kò ráyè gbọ́ ti ara ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

9. Ẹ tọ́jú ohun tẹ́ ẹ kó jọ

Ohùn, fọ́tò, fídíò àti ìwé ìtàn: ẹ ṣe é sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ ìtọ́jú-fáìlì nínú ilé, kí ìkẹta wà nílé ọmọ míì, bóyá níbòmíì pátápátá. Ó kéré tán, kí èèyàn méjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé (password). Ẹ tẹ ìwé ìtàn náà sórí bébà pẹ̀lú, torí bébà kò nílò ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó ní ọdún àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní "IMG" àti nọ́ńbà gbọọrọ. Ẹ yan ẹnì kan, ọmọ-ọmọ tó bá fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí ló dáa jù, kó máa ṣí gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bóyá wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, kó sì máa fi èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kún un, torí fọ́tò á máa yọ láti inú àpótí àwọn ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀ sí i.